Òwú Tó Kù

Ẹ gbé àgbọ̀n lé ibí, Màmá Isoe.
Ẹ tẹjú mọ́ àmì pupa àárín, ẹ má wo ibòmíràn.
Bí iná kékeré bá tàn, ẹ tẹ bọ́tìnì.

Ó rẹ́rìn-ín. Òórùn okùn ọlọ́dà ṣì wà níka rẹ̀:
àwọ̀n ọkọ̀ mẹ́ta ló tún ṣe kó tó wọ bọ́ọ̀sì
láti etí òkun Kesennuma, nínú yìnyín.

Mo ń tan iná. Ó ń tẹ̀.
Mo tàn án nísàlẹ̀, lápá òsì:
kò tẹ̀.
Mo tún un tàn, ó mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.
Yàrá dákẹ́. Ó ń dúró de ohun tó ti kọjá.

"Kì í ṣe òkùnkùn ni mo ń rí níbẹ̀," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan,
"n kò rí nǹkan kan ni. Ọpọlọ mi ń fi irọ́ dí i."
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà;
eléyìí wọlé, ewé kan ò mì.

Ìfúnpá ojú rẹ̀ kò ga. Kò ga rí.
Síbẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìríran ń kú ní méjìméjì,
bí ebi ṣe ń pa ilé tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.
Oògùn kíkán ń mú omi inú ẹyinjú rọlẹ̀;
ta ni yóò bọ́ òwú fúnra rẹ̀?

Ìdí nìyí tí ìgò funfun yìí fi wà, nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rin.
Hóró méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́.
Ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n ń dán wò,
ó lè jẹ́ ìyẹ̀fun lásán. Èmi kò mọ̀.
Dókítà Onodera kò mọ̀.
Wọ́n ti fi èdìdì dì í di ọdún kẹta.

"Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ńkọ́?"
ni mo bi í, èmi tí kò yẹ kí n béèrè.

Ó fa àwọ̀n kan yọ nínú àpò, ihò rẹ̀ gba orí ọmọdé.
"Ibi tó ya yìí, ẹja ti lọ. N kì í sunkún ẹja.
Ojú àwọ̀n tó yí ihò ká ni mo máa ń kọ́kọ́ so,
kó má baà tẹ̀lé e."

Mo tẹ ìwé jáde. Dúdú èṣí ṣì wà níbẹ̀,
kò fẹ̀, àbí ó fẹ̀ díẹ̀; ẹ̀rọ náà kò dá ara rẹ̀ lójú.
Ó ká a pọ̀ mọ́ àwọ̀n,
ó béèrè ìgbà tí bọ́ọ̀sì tó kàn yóò dé,
ó sì fi ọwọ́ òsì wá irin àtẹ̀gùn
kí ẹsẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀.