Ohùn Sanelma nínú Sọ́nà

Yìnyín ti dé ojú fèrèsé wa ní Tampere,
bọ́ọ̀sì òru tí mo ń wà ti sùn sí gáréèjì,
èmi ò tíì sùn.
Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ni mò ń rò.
Kì í ṣe ti fíríìjì o:
èyí tó ń di ohùn mú ni,
tó ń tẹ orí igbe balẹ̀,
tó ń fa ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí sókè,
kí àwọn méjèèjì lè jókòó sórí àga kan.

Ohùn àbúrò mi ló fà á.
Sanelma á bẹ̀rẹ̀ orin bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún,
kí o tó ṣẹ́jú,
ó ti di ọkọ̀ ojú irin tó ń já wọ ibùdó,
gbogbo iná ẹ̀rọ á pọ́n wẹ̀ẹ̀.
Inú sọ́nà la ti ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀,
yàrá pákó kékeré tó yẹ ká máa làágùn nínú rẹ̀.
Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti pa iná ibẹ̀.
A fi kóòtù òtútù bo ògiri,
gbohùngbohùn dúró síbi tí korobá omi wà tẹ́lẹ̀.

Taisto ní àpótí irin kan tó fẹ́ tà.
Ó ṣiṣẹ́ rédíò títí ó fi fẹ̀yìn tì,
ilé rẹ̀ ń rùn òjé yíyọ́ àti kọfí.
Àpótí náà wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́rin tó sùn lọ,
abẹ́rẹ́ kan ń mì lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀;
bí mo bá sọ̀rọ̀, á tẹríba.
“Fọwọ́ kàn án,” ni Taisto wí.
Mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Iye táyà yìnyín mẹ́rin ló pè é,
táyà ọkọ̀ mi sì ti pá.

Sọ́fíwíà ńkọ́?
Ogójì yúrò, ọ̀rọ̀ ti tán.
Kò wúwo, kò gbóná, kò gba àyè lórí tábìlì.
Mo lè fi ọ̀kan sórí ohùn, ọ̀kan sórí gìtá,
ogún sórí ohun tí kò tilẹ̀ nílò rẹ̀.
Ohun tí mo bá ṣì ṣe lónìí, màá pa á rẹ́ lọ́la.
Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí.
Orin kan wà tí mo ti ń tún ṣe láti ìgbà ooru,
orúkọ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Ìkẹyìn,
lẹ́yìn náà Ìkẹyìn Kejì,
lẹ́yìn náà Ìkẹyìn Gan-an,
mo sì tún ṣí i lánàá.

Ti àpótí irin kò rí bẹ́ẹ̀.
Ohùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá
kò fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ sílé.
Wọ́n ní ẹyin lohùn;
ẹyin tí a ti dín ni tèmi yìí,
ta ni yóò dá a padà sínú èèpo?

Taisto yá mi ní ọjọ́ mẹ́ta.
Sanelma wọlé, omi yìnyín ń kán lára bàtà rẹ̀,
ó kọrin lẹ́ẹ̀kan péré.
Mo ti yí kókó ẹ̀rọ jù, n kò mọ̀.
Nígbà tí a gbọ́ ọ padà,
igbe rẹ̀ ti kúrú,
ṣùgbọ́n láàárín ìlà kan sí èkejì
èémí rẹ̀ jáde gbàgàdà,
pákó sọ́nà ró kẹ́ẹ́,
nǹkan kan sì wà tó gbé mì
kí ó tó dárúkọ ìyá wa.
Ọdún mẹ́rìnlá la fi jọ sùn ní yàrá kan,
n kò gbọ́ ìyẹn rí.

“Ṣé o lè yọ ọ́ kúrò?”
Mo ní rárá.
Inú mi dùn pé òótọ́ ni.
Ó wo abẹ́rẹ́ tó ti sinmi.
“Ó dáa. Fi sílẹ̀.”

Mo gbé àpótí padà fún Taisto lọ́jọ́ Àìkú.
Táyà ni mo rà; ọ̀nà ń yọ̀.
Sọ́fíwíà ń bẹ lórí gìtá,
n kò fi nǹkan kan kan ohùn Sanelma mọ́.
Taisto ní ẹnikẹ́ni ò tíì wá béèrè àpótí náà.
Mo ti tún ń ka owó.