Mo Lóṣòó De Ìmọ́lẹ̀

Kámẹ́rà náà kò ju páálí ìṣáná méjì lọ.
Ẹ̀gbọ́n mi Adéọ̀ṣun ló fi ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan wé e, ó ní, "Fi kọ́ṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí ni mo ń bẹ́.
Mo bẹ́ orí Yèyé, mo bẹ́ orí olórí akọrin,
mo bẹ́ orí ewúrẹ́ tí kò jẹ mí ní gbèsè.
Ẹni tí orí rẹ̀ bá sì ṣẹ́kù sọ́rùn,
ojú rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò,
torí iwájú fèrèsé ni mo ń tò wọ́n sí,
oòrùn lẹ́yìn wọn, èmi lọ́ọ̀ọ́kán.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Àṣìṣe ló kọ́ mi
pé ojú là á kọ sí ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ìpàkọ́;
pé fíláàṣì a máa sọ àgbàlagbà
di ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko iṣu olóko.
Bọ́tìnnì náà, ìlàjì la á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́,
ká jẹ́ kó ronú, kó wá ojú ẹni rí,
ká tó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀.
Ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́. Èémí dúró.
Tí o bá fẹ́ sún mọ́ ènìyàn, ẹsẹ̀ ni kó o fi sún;
bọ́tìnnì tó ń fa ọ̀nà jíjìn wá sítòsí,
yanrìn ló ń bù sójú àwòrán.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bú ọyẹ́
pé ó da ìkùukùu bo gbogbo Òkèṣà.
Àṣé àtàǹpàkò mi ni, òróró àkàrà, lójú dígí.
Mo fi etí ìró Yèyé tó ti gbó nù ún,
ọyẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ìbíyẹmí, ọmọ ilé kejì, kò ju ọdún mẹ́rin lọ.
Òkè ni mo ti ń yà á. Ìyá rẹ̀ wò ó:
"Ọmọ mi dà? Igbá lo yà yìí."
Àfi ìgbà tí ìdérí bátìrì já bọ́,
tí mo bẹ̀rẹ̀ wá a nínú erùpẹ̀,
tí mo gbójú sókè, tí ojú èmi àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin.
Ilẹ̀ pupa gùn lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ọ̀nà Ìmọ̀.
Ó tóbi. Ó ní ẹsẹ̀.
Mi ò dìde mọ́.

Yèyé bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà:
"Ó ti dé! Òṣómàáló ti dé!"

Bàbá àgbà ta aṣọ láwìn títí dé Kàbà.
Ọjọ́ àdéhùn bá pé, iwájú ilé ajigbèsè ló ń gbé,
kò jókòó, kò jẹun, kò gba omi:
òṣó ni mà á ló, n ó fi gbowó mi.
Fótò kan ṣoṣo ló ní láyé,
ó sì mì nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè níbòmíràn.

Agogo márùn-ún ààbọ̀, oòrùn á gba orí ilé ìdáná wọlé.
Díẹ̀díẹ̀ ló ń san:
díẹ̀ sára ògiri, díẹ̀ sétí abọ́,
díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yèyé.
Mo lóṣòó níwájú rẹ̀.
Ó ti dijú ro, ó le bí ojú ìwé ìrìnnà.
Mi ò tẹ̀ ẹ́. Bátìrì ń pọ́n, ẹsẹ̀ mi ti kú.
"O ò tíì tẹ̀ ẹ́ ni? Bàbá yín náà, kì í tètè dìde…"
Nǹkan kan ta sí i lọ́kàn, ẹ̀rín gbé e,
ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu.
Mo tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà kú.

Iná dé láàárọ̀. Mo wò ó.
Etí òsì kò sí níbẹ̀, ọwọ́ dà bí èéfín.
Mo fẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ̀ ẹ́, yanrìn bo gbogbo rẹ̀,
ṣùgbọ́n nínú ẹyinjú Yèyé, kékeré bí ẹyọ ọkà,
ẹnu ọ̀nà kan wà tó mọ́lẹ̀,
ẹnì kan sì lóṣòó síbẹ̀.