Òṣómàáló Níwájú Ìkùukùu

Agogo méjì òru, Òkèṣà, Iléṣà.
Ẹ̀rọ aláìlára kú lálẹ́ àná,
kò jọ̀wọ́ àká tó dì mú:
ìwé alájẹṣẹ́kù, ogún ọdún ó lé,
nínú ìkùukùu tí kì í rọ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ tuntun dìde, mo ní kó so àká mọ́ra.
“Mo ń so ó.”
Mo rẹ gààrí, mo mu ún tán.
“Mo ń so ó.”
Fátúróti pè: “Pa á rẹ́, kọ́ òmíràn!”
Ta ní í torí ilẹ̀kùn tó há dáná sun àká?

Bàbá-bàbá mi tàwìn aṣọ dé Ẹ̀rìnmọ̀.
Ọjọ́ owó bá pé, kì í jókòó, kì í jẹun onígbèsè;
ẹnu ọ̀nà ló ń lóṣòó sí.
Mo ti àga sẹ́yìn. Mo lóṣòó.
Mo wá òkú náà kàn: ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára kọ́kọ́rọ́.
Mo já a. Ó kọ̀. Mo fipá já a.

Àká so. Mo ṣí i. Òfìfo.
Àyà mi já,
àṣé n kò tíì júwe ojúlé tí yóò gbà wọlé.
Mo júwe.
Ìyá Adéṣuyì ló kọ́kọ́ yọjú,
òun àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà rẹ̀.

Orúnkún mi kò nà títí ilẹ̀ fi mọ́.