Gbèsè Ọ̀rọ̀

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, Ọjọ́bọ̀, ní Ìsọ̀kùn, n'Iléṣà.
Mo ti gbé fóònù ti agolo Mílò,
mo fi bébà há a nídìí kó má baà yọ̀,
mo ti ra dátà ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀,
mo ti lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lẹ́yìn fèrèsé.
Bàbá jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò,
apá ọ̀tún tí ẹ̀gbà mú wà lórí ìrọ̀rí
bí ọmọ tó sùn lọ.

Láti Ifẹ̀ ni Mojírayọ̀ ti yọjú,
ojú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú gíláàsì.
"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Fálẹ́yẹ. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"
Bàbá fi orí dáhùn.

Àwòrán kìíní, kọ́kọ́rọ́.
Ó wò ó. Ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé ó mọ̀ ọ́n.
Ètè rẹ̀ gbéra, ó tún padà jókòó.
"Ìlẹ̀... ìlẹ̀kù..."
Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò rí ohun tí yóò fi ṣí i.

Àwòrán kejì, òòyà.
Ó fi ọwọ́ òsì ya irun tí kò sí lórí rẹ̀ mọ́.

Ti ẹ̀kẹta, ìdákẹ́ náà gùn
débi pé Mojírayọ̀ bi mí léèrè:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá ló dúró, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"
Ìwé iwájú rẹ̀ ní ààyè fún ìṣẹ́jú àáyá,
kò ní ààyè fún òjò àná.
Mo ní, "Bàbá ni." Mo tún ní, "Àwọn méjèèjì ni."
Nítorí ó ti sọ ọ́, etí mi ló fi gbọ́:
"Àgbàdo." Ó mọ́ kedere.
Ojú ọ̀nà ló gbé e mì,
bóyá ó bọ́ sílẹ̀ ní Òṣú,
bóyá ẹnìkan ti ń sun ún jẹ lẹ́bàá títì.

Ọkùnrin yìí, òṣómàáló ni.
Ó fi kẹ̀kẹ́ ru aṣọ dé Ìgbòho, dé Ṣakí,
ó tà á láwìn, ó padà lọ gbowó lóṣù kẹta.
Bí onígbèsè bá sá wọ yàrá,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
kò ní jẹun, kò ní bú ẹnikẹ́ni,
òòrùn á yí, òun kò ní yí.
Orúnkún yẹn kò ká mọ́,
síbẹ̀ mo rí i tó lóṣòó síwájú gíláàsì.
Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ ẹ́ lówó ti sá wọ yàrá,
ó ń gbọ́ tí wọ́n ń wúkọ́ nínú ilé.

"Ẹ bá mi ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá."
"Ení... èjì..." Ó dúró,
ni ohùn rẹ̀ bá rí ọ̀nà àtijọ́:
"Tọ́rọ́. Sísì. Ṣílè. Ṣílè méjì. Pọ́n-ùn,"
bíi kẹ̀kẹ́ tó já sílẹ̀ láti orí òkè.
Mojírayọ̀ kò dá a dúró.
Mo ń gbọ́ bíírò rẹ̀ lórí bébà.

Méje nínú ogún, ó ní kò burú fún ọ̀sẹ̀ kẹfà.
Mo rántí àwọn ọjọ́ tí Bàbá máa ń gba ìdajì owó,
tí yóò ká aṣọ tó kù,
tí yóò ní, "Ó di ọjọ́ ọjà."

A ti ń dágbére
kí ó tó na ọwọ́ òsì,
kí ó tó fi ìka kan gíláàsì
níbi èjìká Mojírayọ̀, lára àǹkárá aláwọ̀ aró yẹn,
tó sì wí geere, bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí:
"Èló ni yáàdì?"

Kò sí ìyẹn nínú ìwé. Kò sí ibi tí wọ́n á kọ máàkì rẹ̀ sí.
Mojírayọ̀ la ẹnu, kò sọ nǹkan kan.
Mo wo igun fóònù:
ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúró ṣinṣin.