Ẹ̀dọ̀ tí Mò Ń Ṣọ́

Kò tó àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mejì,
ilé rọ́bà tó mọ́ gaara tí mò ń ṣọ́ lóru yìí.
Odò méjì ló gba inú rẹ̀ kọjá,
ọ̀kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín bí irun orí,
etí odò náà ni ẹ̀dọ̀ kan sùn sí,
ẹ̀dọ̀ èèyàn,
tí kò sí nínú ikùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ kan ń ti ìdí abẹ́rẹ́, kì í yára, kì í dúró,
omi oúnjẹ ń ṣàn wọlé,
ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi sóbò tí wọ́n bu omi là jù.
Bí mo bá fojú sí maikirosikóòpù
mo ń rí wọn, wọ́n fara ti ara wọn
bí òrùlé páànù Mọ̀dákẹ́kẹ́
téèyàn bá dúró sórí òkè wò ó.

Ìbòdì, lọ́nà Iléṣà, lẹni tó ni ín ń gbé,
Ìbíjọkẹ́ Arówólò, àgbẹ̀ kòkó.
Nígbà tí wọ́n fẹ́ gé kókó kúrò lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀
mo bá a lórí ibùsùn pẹ̀lú ìwé àti yíǹkì.
"Màmá, èyí tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà, ẹ fún wa díẹ̀."
"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
"A fẹ́ kó wà láàyè."
Ó wo àjà títí.
"Ṣé á máa jẹun?"
"Á máa jẹun."
"Ta ni á máa bọ́ ọ?"
Mo ní èmi ni.
Ó tẹ̀ka.

Látìgbà náà, bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi á dún.
"Ẹ ǹlẹ́ o, ará Ifẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́?"
bí ẹni ń béèrè ọmọ tó gbé fún ẹlòmíràn tọ́.
Mo máa ń ní: "Ó wà, Màmá. Ó ń ṣiṣẹ́."
N kò sọ fún un pé ní Ọjọ́rú Ọjọ́rú
la ń kán àgbo sínú odò òkè,
àgbo jẹ̀díjẹ̀dí inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní Lágere,
irú èyí tí bàbá mi mu fún ọdún mọ́kànlá
kí funfun ojú rẹ̀ tó di àwọ̀ ọsàn.
Ti bàbá mi, inú ara rẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò.

"Ẹ fẹ̀dọ̀ lérí òróòro,"
lọ̀gá wa máa ń wí bí ara wa kò bá balẹ̀.
Ẹ̀rín máa ń pa mí:
eléyìí kò ní òróòro tí yóò gbára lé.

Aago méjì òru. Iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Àpótí tó ń mú un móoru ń tutù lọ,
mẹ́tàdínlógójì,
mẹ́rìndínlógójì,
ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà odò Ọ̀pà.
Mo dí ẹnu odò méjèèjì.
Mo fi aṣọ tó mọ́ wé e,
mo tú bọ́tìnnì,
mo gbé e sábẹ́ egungun ìhà mi ọ̀tún,
níbi tí tèmi ń gbé.

Ẹ̀dọ̀ méjì, awọ kan láàárín.
Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì nínú òkùnkùn.
Ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá mọ́ yìí,
Ẹtì ni.