Omi Tó Bojú Wẹ̀yìn

Wọ́n ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò dé Tankẹ,
kò dé ilé alájà mẹ́ta Àlàájì Káńníké,
níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò onísìmẹ́ńtì,
tó ń gba inú yanrìn àti èédú kọjá,
tó sì ń padà gòkè, bí ọmọ tó gbàgbé bàtà sílé,
láti lọ ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Èmi ni mo fa páìpù ọ̀hún.
Ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ pọ́ńbà,
mo ti fa omi wọ ilé ìtura l'Ọ́fà, wọ mọ́ṣáláṣí ní Pákátà,
irú èyí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo:
páìpù méjì nínú ògiri kan,
funfun fún omi mímu,
elésè-àlùkò fún omi tó ti ṣiṣẹ́ rí.
Òfin ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà síra,
kí wọ́n má fẹnu kora láéláé,
bí orogún méjì:
wọ́n jọ ń gbélé, wọn kì í jọ bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan.

Àlàájì ní, "Funfun ni kí o rà fún méjèèjì, owó rẹ̀ dín.
Ta ló ń wo inú ògiri?"
Mo ní, "Ẹni tó máa fọ́ ọ lẹ́yìn tí èmi àti ẹ̀yin bá kú."
Ó sanwó. Ó ń kùn.

Ìyá Ràmátà, tó ń gbé ìsàlẹ̀,
tí kì í yá ẹnikẹ́ni ní kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀,
bi mí: "Omi tí mo fi ṣan ẹsẹ̀ fún Àsùbáà,
ṣé òun náà ń lọ síbẹ̀?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."
Ó dákẹ́ pẹ́.
"Ó ṣiṣẹ́ ọlá tán, ó wá lọ ń ṣiṣẹ́ ẹrú.
Ó dáa. Ṣáà má jẹ́ kó padà sínú kẹ́tù mi."

Lọ́jọ́ Àlàmísì ni òṣìṣẹ́ ìjọba dé,
Mopélọ́lá, ọmọ Òmù-Àrán,
abọ́ tánganran funfun lọ́wọ́ kan, ìgò aró lọ́wọ́ kejì.
Ó da aró sínú táńkì omi ìlòtúnlò.
A jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. A jẹ ẹ̀pà.
Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹ̀rọ omi mímu, yàrá dé yàrá,
abọ́ funfun lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ.
Ó mọ́. Ó mọ́. Ó mọ́.
Ní àjà kẹta, ilé ìdáná tó kángun sí ọ̀nà,
omi náà ò dúdú o,
díẹ̀ báyìí ni,
bí omi tí a fi fọ àdìrẹ lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo mọ oríkèé náà.
Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, òjò ń rọ̀, iná ti lọ,
ara Sódíìkì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ò yá,
mo ń fọwọ́ tá inú òkùnkùn.
Ọwọ́ mi náà ni. Kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àlàájì ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.
Ìdọ̀tí kì í pa adúláwọ̀."
Mopélọ́lá ò gbójú sókè, ó ń kọ̀wé.
"Ta ló máa gbé yàrá yìí?"
"Ọmọbìnrin kan láti Ìgbàjà. Ọjọ́ Àtìní ló ń kó wọlé."
Ó gbé abọ́ náà sójú fèrèsé,
kí gbogbo wa lè máa rí i.

Mo mú òòlù.
Táìlì márùn-ún fọ́, owó tèmi ló rọ́pò wọn.
Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó so funfun mọ́ funfun.
Ìyá Ràmátà gun àtẹ̀gùn wá, ó di orúnkún mú,
ó gbé kẹ́tù sábẹ́ ẹ̀rọ, ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́,
ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á nù.
Ó ní, "Tún un ṣí."
Mo tún un ṣí.