Àpá Òkúta

Òkúta kan, kò ju hóró àgbàdo lọ,
ta láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akóyanrìn lọ́nà Bodmin,
ó bu gíláàsì Morwenna jẹ.

Mo ro oje sójú ọgbẹ́, mo tan iná sí i.
Ogún ìṣẹ́jú.
Ó fọwọ́ wá àpá, kò rí.

"Ṣé mo lè gbàgbé ẹ̀?"
Gíláàsì ti gbàgbé, ìyá.
Àpá tó kúrò níbí,
inú ìwé adójútòfò ló lọ jókòó sí.
Ẹ̀dínwó yín ò ní yẹ̀,
ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bèèrè,
ẹ dárúkọ òkúta náà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó tan wáípà.
"Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi ti kú," ó ní,
"kò sẹ́ni tó bi mí."